Kí ni "kere" nínú sate kere?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo rí i pé àwọn ará Indonéṣíà ní súyà kan tí wọ́n ń pè ní sate kere. Ṣé orúkọ ìlú ni kere, àbí orúkọ ẹran?

Ìdáhùn: Kò sí ìkankan níbẹ̀. Tálákà tàbí alágbe ni kere lédè àwọn ará Java, erékùṣù kan ní Indonéṣíà, torí náà súyà tálákà ni. Ìlú Solo, tí ìwé ń pè ní Surakarta, ni ilé rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé láyé ìjọba òyìnbó Dutch, apá mẹ̀kúnnù kò ká ẹran. Èérí tó kù bí wọ́n bá sẹ́ sóyà tán láti fi ṣe wàrà (ẹ rántí èérí ògì) ni wọ́n sọ di tempe gembus, ìyẹn èérí sóyà tí wọ́n jẹ́ kó kan títí tó fi dì pọ̀, tí wọ́n gún mọ́gi, tí wọ́n yan bí ẹran. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó nǹkan a fi ìfun tàbí fùkù màlúù kún un. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n ń dà lé e. Lónìí, àwọn ọlọ́kọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà ń rà á jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ sate ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní Solo yìí kan náà, "dídì" ni buntel nínú sate buntel: ẹran ewúrẹ́ lílọ̀ ni, tí wọ́n fi ọ̀rá inú ẹran dì. Ní erékùṣù Bali, "wíwé" ni lilit nínú sate lilit: ẹja lílọ̀ àti àgbọn, tí wọ́n wé mọ́ ìtì ewé tíì.

Àmọ́ ẹ má torí sate Madura wọkọ̀ lọ sí erékùṣù Madura o. Àwọn ará ibẹ̀ ló ń tà á káàkiri Java, bí àwọn Hausa ṣe ń ta súyà fún wa: adìẹ, ẹ̀pà, ọbẹ̀ sóyà dúdú tó dùn bí oyin. Sate Padang, ti ìwọ̀ oòrùn erékùṣù Sumatra, kò ní ẹ̀pà. Ọbẹ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ìyẹ̀fun ìrẹsì ló mú un ki. Ìlú Padang Panjang ni kí ẹ ti jẹ ẹ́.

Ní tèmi, sate klathak ló borí. Iyọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń pa ẹran àgùntàn náà lára, sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gún un mọ́, kí irin lè gbé iná wọ àárín ẹran. Àdúgbò Jejeran ní Bantul, gúúsù Yogyakarta, ni kí ẹ béèrè. Ẹ lọ lálẹ́.