Kíláàsì kékeré wo ni mo lè fi kọ́ OOP (ọ̀nà kíkọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó dátà àti iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sínú kíláàsì) ní Python?

Fi káàdì àjọ bíi ti àwọn ọlọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde bẹ̀rẹ̀. Kọ class Kaadi: orúkọ oníkáàdì àti _owo (iye owó tó wà nílẹ̀) nínú __init__, iṣẹ́ tí Python ń ṣe nígbà tí a bá dá káàdì tuntun, kí o wá kọ da_ajo(iye) àti gba_owo(iye). Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ kaadi._owo = 50000 láti ìta. Bí iye kò bá ju òdo lọ, kí da_ajo gbé ValueError (àṣìṣe tó ń sọ pé iye náà kò bójú mu) jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni gba_owo ò gbọdọ̀ san ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Python fúnra rẹ̀ kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró o, ìkìlọ̀ lásán ni àmì _ yẹn. Lẹ́yìn náà, kọ class Alajo tó ní list (àkójọ) àwọn Kaadi. Má lo inheritance (kí kíláàsì kan jogún òmíràn) níbẹ̀ rárá: alájọ kì í ṣe káàdì, ó ní káàdì lọ́wọ́ ni.