Ṣé Ká Ta Ilẹ̀ Nítorí Ipò Káńsẹ́lọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àbúrò ọkọ mi fẹ́ du ipò káńsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ó ní kí wọ́n ta pulọ́ọ̀tì kan tí bàbá wọn fi sílẹ̀, pé bóun bá wọlé, kó tó pé ọdún kan òun á ra méjì dípò rẹ̀. Ọkọ mi ti fẹ́ gbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí lẹ rí sí i? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á o.

Káńsẹ́lọ̀ 10 ló wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́ọ̀dù yín wà, ohùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣòfin ìbílẹ̀, kí wọ́n yẹ ìṣúná wò, kí wọ́n sì bi alága léèrè bówó ṣe rìn. Ọjà, ibùdókọ̀, odò ẹran, itẹ́ òkú, gbogbo rẹ̀ ni ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kó sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àmọ́ káńsẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ àpótí owó.

Nígbà tèmi, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ti máa ń kún orí bẹ́ǹṣì níwájú ilé mi: owó ilé-ìwé, ìkómọ, ẹni tí ọlọ́pàá mú. Nínú gààrí tí ìyàwó mi fẹ́ tà ló ti ń bù fún wọn. Ìyá àgbà kan ò tọrọ kọ́bọ̀ ní tiẹ̀. Afárá tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ló ní kí n wá wò. Pákó mẹ́ta ni, ọ̀kan ti jẹrà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé ìgbìmọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kò sówó. Ni mo bá ta ọ̀kadà mi, mo fi ra ríìngì kọnkéré síbẹ̀. Títí dòní, ìyàwó mi ò tíì gbàgbé ọ̀kadà yẹn.

Ipò ọ̀hún gan-an kì í dúró. Àwọn tí wọ́n dìbò yàn ní ìpínlẹ̀ wa lóṣù Karùn-ún 2018, ọdún mẹ́ta ló yẹ kí wọ́n lò. Nígbà tó di 29 oṣù Karùn-ún 2019, wọ́n tú wọn ká. Ó di 2021 kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé kò bófin mu, pé kí wọ́n san owó wọn. Ẹni tó bá ta ilẹ̀ nínú wọn, kí ló ń jẹ láàárín ọdún méjì yẹn? Lóòótọ́, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà sọ ní 2024 pé kówó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Àpò ìjọba ìbílẹ̀ ló ń lọ o, kì í ṣe àpò àbúrò ọkọ yín.

Ẹ ní kó dárúkọ èèyàn 20 tí yóò dìbò fún un láìgba owó ọkọ̀. Bó bá rí wọn kà, kí ẹbí dá owó fọ́ọ̀mù jọ fún un.