Ẹ̀sùn lórí ọlọ́pàá ológun Kánádà: ọ̀dọ̀ ta ni kí n gbé e lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Kọ́pùrà ni ọkọ mi nínú iṣẹ́ ológun Kánádà, inú bárékè la sì ń gbé. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, aládùúgbò wa kan pe MP, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ológun, pé ariwo wa ti pọ̀ jù. Àwọn méjì ló wá, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Ọ̀kan wọlé láìjẹ́ pé mo ní kó wọlé, ó fà mí lọ́wọ́, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé mo ti mutí. Èmi tí n kì í fi ẹnu kan ọtí! Ọkọ mi ní ká fi í sílẹ̀. Ó ní wọ́n á fi gbẹ̀san lára òun níbi iṣẹ́, àti pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá MP náà lẹjọ́ ọ̀hún máa padà sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé alágbádá bíi tèmi lè fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá ológun rárá? — Ìyàwó Kọ́pùrà

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àmúmọ́ra, ìyàwó kọ́pùrà. Apá kan ọ̀rọ̀ ni ọkọ yín rí. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà àwọn MP, ìyẹn Provost Marshal, ni ẹ̀sùn yín máa kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó parí síbẹ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ọjọ́ tó ti lọ: ọdún kan péré ni òfin fún yín láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ẹ sì ti lo oṣù mẹ́jọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ bá kọjá mọ́ lórí lè bẹ̀bẹ̀ fún àfikún, alága sì lè gbà bí ìdí rẹ̀ bá bọ́gbọ́n mu, àmọ́ ẹ má dúró de ìyẹn.

Alága wo ni mò ń sọ? Ilé iṣẹ́ kan wà ní Ottawa tó ń jẹ́ Military Police Complaints Commission. Kọmíṣọ̀nù ni màá máa pè é. Àwọn alágbádá ló ń darí rẹ̀. Òfin National Defence Act sọ ọ́ ní tààrà pé ẹni tó ṣì wà nínú iṣẹ́ ológun, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ètò ààbò, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ìtàn burúkú ló bí i. Ní 1993, àwọn ọmọ ogun Kánádà kan ní Sòmálíà lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà ní àhámọ́ wọn pa. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó lórí rẹ̀, ìjábọ̀ jáde ní 1997, wọ́n tún òfin ṣe ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Kọmíṣọ̀nù sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1999. Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ohun tí àwọn aṣòfin wá rí nìyẹn.

Nípa bóyá alágbádá lè fẹjọ́ sùn: ẹnikẹ́ni lè ṣe é, ìbáà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ kàn án. Aládùúgbò tó yọjú lójú fèrèsé lálẹ́ ọjọ́ yẹn lè fẹ̀sùn kan wọn bó bá wù ú. Ní 2007 àti 2008, àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ méjì ló fẹ̀sùn kan àwọn MP lórí àwọn tí wọ́n mú ní Afuganísítáànì, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú àwọn ẹgbẹ́ náà. Kọmíṣọ̀nù gbọ́ ẹjọ́ yẹn ní gbangba, ó sì dá àwọn MP náà láre nínú ìjábọ̀ 2012. Mo mẹ́nu ba èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe lẹ́yìn olùfisùn nìkan ni wọ́n ń wò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ẹ lè fẹnu sọ ẹ̀sùn yín, ẹ sì lè kọ ọ́. Òfin gbà kí ẹ mú un lọ bá alága Kọmíṣọ̀nù, Provost Marshal, Judge Advocate General tó jẹ́ ọ̀gá àwọn amòfin ológun, tàbí MP yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ rí i pé wọ́n kọ̀wé sí yín pé ó ti dé ọwọ́ àwọn, kó sì jẹ́ kí alága gbọ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí Kọmíṣọ̀nù fúnra rẹ̀. Kò ní yọ Provost Marshal kúrò nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ojú alágbádá á ti wà lára ìwé yín kí ọwọ́ ológun tó kàn án.

Ibi tí ẹ̀sùn ti sábà máa ń kú kò ju ẹyọ kan lọ. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni MP gbọ́dọ̀ máa ṣe nígbà tó hùwà tí ẹ ń rojọ́ rẹ̀: ṣíṣe ìwádìí, mímú ènìyàn, dídáhùn ìpè aráàlú, bó ṣe ń tọ́jú ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tàbí iṣẹ́ ogun gan-an, Kọmíṣọ̀nù kò ní lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ tiyín bọ́ sí i pátápátá: wọ́n dáhùn ìpè, wọ́n wọlé, wọ́n dì yín mú, wọ́n kọ nǹkan sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má kọ "wọ́n fi ìyà jẹ mí, wọ́n sì rí mi fín". Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n olùwádìí kò rí nǹkan kan dì mú níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "MP tó ga jù nínú àwọn méjèèjì fi ẹsẹ̀ dá ilẹ̀kùn dúró kí n má bàa tì í. Mi ò tíì ní kó wọlé. Ó di apá òsì mi mú lókè ìgunpá. Mo bi í pé kí ni mo ṣe, kò dáhùn. Mo sọ fún un pé n kì í mutí, kò fi ẹ̀rọ kankan yẹ èémí mi wò." Ẹ tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọjọ́ àti aago sí i, ẹ dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ orúkọ MP náà, ẹ sọ bó ṣe rí. Wọ́n mọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ bèèrè nínú ìwé yìí kan náà pé kí wọ́n má pa àwòrán kámẹ́rà kankan rẹ́. Ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ ọtí sí náà kò kọjá ọwọ́ yín: òfin Privacy Act fún yín láyè láti bèèrè ohun tí ìjọba àpapọ̀ kọ nípa yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, Provost Marshal gbọ́dọ̀ ròyìn ibi tí ọ̀rọ̀ dé fún yín láàárín ọgọ́ta ọjọ́, àti lẹ́yìn ọgbọ̀n ọgbọ̀n ọjọ́ títí yóò fi parí. Ẹ kọ ọjọ́ wọ̀nyẹn sára kàlẹ́ńdà. Bí irú ẹ̀sùn náà bá gbà á láyè, wọ́n lè bi yín bóyá ẹ ó gbà kí ẹ yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí. Kì í ṣe ohun burúkú. Bó bá jẹ́ pé kí MP náà tọrọ àforíjì ni ẹ ń fẹ́, ẹ lè rí i gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó parí nìyẹn o.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti wádìí, tàbí tí àbọ̀ ìwádìí wọn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí Kọmíṣọ̀nù pé kó tún un yẹ̀ wò, kíákíá. Ibí ni ọ̀rọ̀ ọkọ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í mẹ́hẹ, torí pé Kọmíṣọ̀nù lè tún ẹ̀rí wá fúnra rẹ̀. Ó máa kọ ìjábọ̀ àkọ́kọ́ sí mínísítà ètò ààbò àti àwọn ọ̀gá ológun, wọ́n á fèsì, ìjábọ̀ ìkẹyìn á wá dé ọwọ́ yín. Mi ò ní tàn yín: àbá ni Kọmíṣọ̀nù ń dá, kò lè pàṣẹ. Kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ MP, kò sì lè bù yín lówó. Ológun tí kò bá tẹ̀ lé àbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, ìwé yẹn á sì máa wà lọ títí. Ó wù mí kí wọ́n fún un ní eyín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, mo ti rí ohun tí ìwé nìkan lè ṣe. Ọmọ ogun kan pa ara rẹ̀ ní bárékè Edmonton ní 2008, ó kọ lẹ́tà ìdágbére sílẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Àwọn olùwádìí MP tọ́jú lẹ́tà náà bí ẹ̀rí, ó sì lé ní ọdún kan kí àwọn òbí rẹ̀ tó gbọ́ pé ó wà. Ẹ̀sùn tí àwọn òbí náà fi sùn ló di ìgbẹ́jọ́ gbangba ní 2012, ìjábọ̀ tó jáde ní 2015 sì tú àṣìṣe inú ìwádìí náà síta.

Ní ti ìgbẹ̀san tí ọkọ yín ń bẹ̀rù, òfin kà á léèwọ̀ láti fìyà jẹ ẹni tó fi ọkàn rere fẹjọ́ sùn. Mo mọ̀ pé ohun tí òfin kà léèwọ̀ ṣì lè ṣẹlẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Orúkọ yín ni kó wà lórí ìwé, kì í ṣe tiẹ̀. Bí ohunkóhun bá sì yí padà fún un níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ tí ẹ bá fi í ránṣẹ́, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Bí ẹ bá sì ti kọ nǹkan kan sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn fúnra yín, ìbáà jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ọwọ́ ẹnì kan tí kò gbé inú bárékè.