Ẹsẹ̀ Singer 29K tó kán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹsẹ̀ Singer 29K, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń rán awọ, ti kán, ẹ sì ń bèèrè bóyá kí wẹ́dà jó o. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó ẹsẹ̀ tó kán yẹn. Bó bá fi díẹ̀ wọ́, abẹ́rẹ́ á máa gbá a. Tuntun ni kẹ́ ẹ ṣe, láti ara irin sipíríìngì mọ́tò.

Ẹsẹ̀ tó ń tẹ awọ mọ́lẹ̀ nìkan ni mò ń sọ o. Bó bá jẹ́ jíà kékeré inú apá ẹ̀rọ náà tó ń yí ilé bọ́bìnì ló ti jẹ, fáìlì ò lè ṣe ìyẹn.

1. Kí alágbẹ̀dẹ lu irin náà fẹ́lẹ́, kó mú un pọ́n nínú iná, kó rì í sínú eérú títí á fi tutù fúnra rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fáìlì ò ní ràn án.

2. Ẹ fi ti àtijọ́ wọ̀n ọ́n, kẹ́ ẹ fi fáìlì gbẹ́ ẹ. Ẹ dán etí ihò tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá dáadáa, kó má baà máa já òwú.

3. Eyín abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ẹsẹ̀ yìí gan-an ló ń wọ́ awọ lọ. Kò sí eyín mìíràn nísàlẹ̀. Bó bá mú jù, á dá àpá sára awọ tìmùtìmù Ọ̀yọ́, àwọn oníbàárà yín ò sì ní gbà á.

4. Ẹ mú un pọ́n padà, ẹ rì í sínú epo. Ẹ dán an, kẹ́ ẹ wá yá a níná díẹ̀díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi rí bí oyin, kó má baà ṣẹ́.

Bẹ́ ẹ bá dè é padà tán, ọwọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi yí ẹ̀rọ náà, láìfi òwú sí i.