Kí ló dé tí ìrìn àwọn èèyàn inú fíìmù apanilẹ́rìn-ín aláìlóhùn fi máa ń yá jù?

Torí pé iye àwòrán tí kámẹ́rà yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan kéré sí iye tí ẹ̀rọ tó ń gbé e jáde ń fi hàn ni. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí kámẹ́rà nígbà náà. Ìyípo kan sábà máa ń ya àwòrán 8, nítorí náà ìyípo méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan á ya 16. Fíìmù olóhùn ló sọ ọ́ di 24 ní ìparí àwọn ọdún 1920. Bí a bá fi 24 gbé èyí tí wọ́n yà ní 16 jáde, ohun tí òṣèré fi ìṣẹ́jú àáyá 60 ṣe á parí láàárín 40.

Àmọ́ wọ́n tún máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dẹwọ́ yíyí i, kí eré sísá lè yá sí i. Henri Bergson, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ Faransé, ti kọ ọ́ ní 1900 pé ẹ̀rín máa ń pa wá bí èèyàn bá ń ṣe bí ẹ̀rọ. Ìdí nìyẹn tí dídá gbogbo fíìmù padà sí ìrìn gidi fi lè ba ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pátápátá: ọlọ́pàá tó ń fi ẹsẹ̀ kan ta pọ́nún yí kọ́nà á kàn dà bí ẹni tó ń ṣọ́ra kó má ṣubú.