Ilé Habitat kì í ṣe ilé ọ̀fẹ́, kò sì sí ẹni tó lè bá yín fi orúkọ síwájú

Ìbéèrè: Maryland ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe. Ẹnì kan ní ìjọ wa sọ pé Habitat for Humanity ń fún àwa tí owó wa kò pọ̀ nílé lọ́fẹ̀ẹ́, àti pé tí mo bá san $600, òun á bá mi fi orúkọ síwájú. Mo ti san $300, mo sì ti fún un ní nọ́ńbà social security mi, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá mi mọ̀. Ìgbà wo ni ilé náà máa jáde?

Ìdáhùn: Ẹ má bínú, màmá, kò sí ilé kankan tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni yẹn. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù, ó sì dunni pé àwọn tó ń fi òru ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń lù ní jìbìtì.

Habitat, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń kọ́ ilé, tí Millard Fuller àti Linda ìyàwó rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Georgia ní 1976, kì í fúnni nílé lọ́fẹ̀ẹ́. Títà ni wọ́n ń tà á. Ẹni tó bá rí i rà máa tọwọ́ bọ ìwé mortgage, ìyẹn gbèsè ilé, á sì máa san án lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tí kò bá san án, ilé lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tí ìrọ̀rùn wà ni pé èlé rẹ̀ kéré tàbí kó má sí rárá, owó ìbẹ̀rẹ̀ kì í pọ̀, wọ́n sì máa ń gbìyànjú kí owó oṣooṣù, pẹ̀lú owó-orí ilé àti ìnṣọ́ránsì, má ju nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 owó tó ń wọlé lọ.

Nítorí pé títà ni, wọ́n ní láti mọ̀ bóyá ẹ lè san án. Ká ní $4,000 ló ń wọlé fún yín lóṣù kí wọ́n tó yọ owó-orí. Ìdá 30 rẹ̀ jẹ́ $1,200. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Habitat kì í fẹ́ kí gbogbo gbèsè pọ̀ mọ́ ti ilé ju ìdá 43 lọ, ìyẹn $1,720. Tí ẹ bá ń san $450 lórí mọ́tò àti $150 lórí gbèsè káàdì (credit card) lóṣù, $1,120 ló kù fún ilé. Gbèsè mọ́tò yẹn nìkan ti lé ọ̀pọ̀ èèyàn sẹ́yìn. Owó tó pọ̀ jù náà lè yọ yín: ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí owó yín kò gbọ́dọ̀ jù lọ, tí wọ́n ń fi owó tó ń wọlé fún àwọn ará agbègbè náà díwọ̀n.

Wọ́n tún máa wò ó bóyá ibi tí ẹ ń gbé há, ó ń jò, tàbí owó ilé ibẹ̀ ju agbára yín lọ. Ẹ̀yin náà máa fi ọwọ́ ara yín ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Sweat equity ni wọ́n ń pè é, ó sì máa ń tó wákàtí 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, níbi ìkọ́lé tàbí ní ọ́fíìsì wọn. Kíláàsì nípa níní ilé sábà máa ń wà nínú rẹ̀.

Ibi tí àwa Yorùbá ti ń kọsẹ̀ jù ni owó tí kò ní ìwé. Tí ẹ bá kó àjọ $5,000, tí ẹ sì dà á sí báńkì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa béèrè ibi tó ti wá. Ẹ tọ́jú àkọsílẹ̀ àjọ náà àti ẹ̀rí owó tí ẹ ń dá lóṣooṣù. Owó irun dídì tí ẹ kò kọ sínú ìwé owó-orí kò sí lójú wọn. Ẹni tó ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé èrò, ohun tó kù lẹ́yìn tó ti yọ owó epo àti àtúnṣe nínú ìwé owó-orí ni wọ́n máa ń kà fún un, kì í ṣe gbogbo owó tó gbà. Bí ẹ bá sì ní ilé tàbí ilẹ̀ ní Nàìjíríà, tí fọ́ọ̀mù béèrè, ẹ kọ ọ́. Irọ́ inú ìwé gbèsè lè di ẹjọ́.

Ẹ fúnra yín ni kí ẹ wá ẹ̀ka tó ń sìn àdúgbò yín lórí ìkànnì Habitat. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba fọ́ọ̀mù yíká ọdún, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i. Ẹ kó ìwé owó oṣù, ìwé owó-orí ọdún méjì, ìwé báńkì àti káàdì ìdánimọ̀ jọ. Àwọn kan máa ń gba owó díẹ̀ láti fi yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè yín wò, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì wọn ló ń gbà á, ẹ sì máa gba rìsíìtì. Bí fọ́ọ̀mù yín bá ti pé, òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n fún yín lésì láàárín ọjọ́ 30. Tí wọ́n bá kọ̀ yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí rẹ̀. Tí wọ́n bá sì gbà yín, ẹ lè ṣì dúró ju ọdún kan lọ kí ilé tó parí. Òfin ẹ̀ka kan kì í ṣe ti èkejì, nítorí náà ohun tí ẹ̀ka yín bá kọ sílẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Olùdámọ̀ràn tí ìjọba fọwọ́ sí lè bá yín yẹ ìwé yín wò kí ẹ tó fi sílẹ̀: 800-569-4287.

Ní ti $300 yẹn, ẹ má fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹ pe báńkì yín lónìí, kí ẹ fi ẹjọ́ sùn ní reportfraud.ftc.gov. Nọ́ńbà tí ẹ fún un ló bà mí lẹ́rù ju owó lọ: ẹ lọ sí Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè àwọn èèyàn, kí ẹ ní kí wọ́n ti àkọsílẹ̀ gbèsè yín pa kí ẹlòmíràn má baà fi orúkọ yín yáwó. Ọ̀fẹ́ ni. Tí àkókò fọ́ọ̀mù Habitat bá tó, ẹ ní kí wọ́n ṣí i.