Bàbá ń wakọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ọmọ wà lókè òkun: orúkọ inú ìwé ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè láti Kánádà pé bàbá òun, ẹni ọdún 78, ṣì ń fúnra wọn wakọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ṣàgámù, pé báwo ni kí òun ṣe gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ kú àníyàn o. Ẹ má tíì gba kọ́kọ́rọ́ kankan. Bẹ́ ẹ bá fi fóònù gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá Ìjẹ̀bú, wọ́n á ti gé òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Alẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ: bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, kí ọkọ̀ ti wọlé. Tẹ̀ lé e ni márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀, nítorí tírélà ibẹ̀ kì í mọ̀ bóyá àgbàlagbà ló wà níwájú òun. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ òjò àti àárọ̀ tí ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀nà. Ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ọjà Òkè-Àjẹ́ àti ìpàdé regbérégbé (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn), ẹ ṣì fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn dìgbà tó bá yá.

Kó má sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu pé "ẹ ti dàgbà" ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ọ̀rẹ́ wọn nínú regbérégbé tó ti gba dírẹ́bà ni kó bá wọn sọ ọ́, tàbí dókítà ojú. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní OOUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, ní Ṣàgámù. Ẹ ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò glaucoma (àìsàn tó ń fọ́ ojú díẹ̀díẹ̀), kí wọ́n sì wọn bí ojú bàbá ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ tó. Àìsàn yìí kì í sábà dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, tí ẹni náà á ṣì máa ka ìwé ìròyìn geere, àmọ́ kò ní rí ọlọ́kadà tó ń bọ̀ láti apá ọ̀tún. Ohun tó bá ti lọ kì í padà. Ti funfun tó ń bo ẹyinjú (cataract) yàtọ̀: wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀pọ̀ àgbà sì ń ríran dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọwọ́ kan náà mú méjèèjì. Ẹ béèrè oògùn wọn pẹ̀lú. Piriton ń mú oorun wá. Oògùn àtọ̀gbẹ bíi Daonil lè já ṣúgà ara wálẹ̀ lójijì bí wọn ò bá tíì jẹun, ojú á ṣú, ọwọ́ á máa gbọ̀n, orí sítíárìn sì ni.

Ẹ rán ẹni tó wà nílé kó lọ wo ọkọ̀ náà ní ìdákẹ́jẹ́: igun bọ́ńpà, gíláàsì ẹ̀gbẹ́, òpó géètì tí ọ̀dà ọkọ̀ ti lẹ̀ mọ́. Àpá tuntun méjì tí bàbá ò mọ bó ṣe débẹ̀ ju gbogbo àríyànjiyàn lọ.

Ní ti dírẹ́bà, láti òde àríyá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú, kí wọ́n gbé bàbá dé òde kí wọ́n sì jókòó sẹ́yìn, iyì ni, kò sẹ́ni tó máa pè é ní ìṣubú. Nígbà Ojúde Ọba, tí ọkọ̀ ò ríbi gbà, bàbá fúnra wọn á ní kí wọ́n wá ẹni tó máa wà á. Ẹ yẹ láísẹ́ńsì dírẹ́bà náà wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí onídùúró rẹ̀ jẹ́ ẹni tó nílé nílùú, kí dírẹ́bà sì máa ya fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù ránṣẹ́ sí yín ní gbogbo Sunday, kí ẹ fi kìlómítà ṣe ìṣirò epo. Owó oṣù rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fún un. Dírẹ́bà tó ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ tó wà lókè òkun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ sí bàbá lẹ́nu.

Láísẹ́ńsì tiwọn ńkọ́? Ọlọ́dún 3 wà, ọlọ́dún 5 wà. Bí wọ́n bá fi dandan lé e pé àwọn máa tún un ṣe, ọlọ́dún 3 ni kẹ́ ẹ san. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ́ kó kú, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé NIN àti káàdì ìdìbò wọn wà lọ́wọ́, torí ọ̀pọ̀ àgbà ló ń fi láísẹ́ńsì gba owó ní báǹkì. Láísẹ́ńsì tó ti kú tí wọ́n ṣì fi ń wakọ̀ ò dáa rárá: ìbánigbófò third party tí ẹ san ₦15,000 fún (bó ṣe wà látọdún 2023) lè má dá yín lóhùn bí ẹni tó wakọ̀ ò bá ní láísẹ́ńsì tó ṣì wúlò.

Ibi tí owó ti ń bá èèyàn lọ jù nìyí. Bàbá gbà tán, wọ́n ní ká ta ọkọ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á san owó, wọ́n kọ rìsíìtì sórí bébà kékeré, ó gba kọ́kọ́rọ́ àti gbogbo pàtíkúlà, ó ní òun máa yí orúkọ padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò ní yí i. Owó ló ń ná an, ó sì lè fẹ́ tún un tà kí ìnáwó náà tó kàn án. Bí ọkọ̀ yẹn bá pa ẹnikẹ́ni lára l'Ékòó, tàbí tí wọ́n fi jalè, nọ́ńbà rẹ̀ làwọn ọlọ́pàá máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ilé bàbá ní Mólípà, Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n sì máa kàn. Ẹ wá fojú inú wo bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ó dín méjì tó ń kọ sítétímẹ́ńtì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é: ẹ fi owó ìyípadà orúkọ kún iye tí ẹ máa tà á, kí ẹ san án fúnra yín. Kí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ àti aago, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i, pẹ̀lú fọ́tò, ìdánimọ̀ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó rà á. Ẹ búra ní kóòtù fún àyípadà náà, ẹ kó o lọ sí ọ́fíìsì tó ń ṣe ìwé ọkọ̀. Wọ́n á ní nẹ́tíwọọ̀kì ò sí, wọ́n á ní ọ̀gá tó ń sáìnì ti lọ Abẹ́òkúta. Ẹ máa dá wọn lóhùn pé ẹ̀yin á dúró. Àkáǹtì ìjọba ni kẹ́ ẹ sanwó sí, ẹ má fi sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títí ìwé tuntun yóò fi jáde pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rà á, ẹ má fi proof of ownership (ìwé tó ń fi ẹni tó ni ọkọ̀ hàn) ojúlówó lé e lọ́wọ́.

Kí bàbá fún ọmọ ní ọkọ̀ náà ò yàtọ̀. "Ọkọ̀ yìí, tìẹ ni" látẹnu bàbá ò lè yí orúkọ inú ìwé padà lọ́jọ́ tí wọ́n bá papòdà. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fún ọmọ pé kó máa ṣojú wọn náà kú lọ́jọ́ yẹn. Bí wọn ò bá ṣe wíìlì, letters of administration (ìwé àṣẹ lórí ohun ìní olóògbé) láti ilé-ẹjọ́ gíga ló kù, gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á sì dá sí i, nígbà tí ọkọ̀ ń jẹrà sínú kọ́ḿpáǹdì. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sórúkọ ẹni tó wà nílé, torí òun ló máa tún ìwé ọkọ̀ ṣe lọ́dọọdún. Kí wọ́n sì ṣe é nígbà tí ọwọ́ bàbá ṣì lè sáìnì.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò proof of ownership náà ránṣẹ́ sí yín. Bí ó bá ti sọnù, ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra kóòtù lẹ máa kọ́kọ́ gbà, kẹ́ ẹ tó lè béèrè fún òmíràn.